Ríra Iná LED Yá Ju Wíwá Irúgbìn Ewédú Lọ

Gbogbo ohun tí mo nílò láti sọ yàrá kan di oko ni mo rí rà nígboro Ìbàdàn láìpẹ́ rárá: gílóòbù LED, pọ́ńpù kékeré irú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹja inú gíláàsì, páìpù, ike, fáànù, tẹmọ́mítà, sólà àti ínfátà tí yóò gbé gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Irúgbìn ni kò bọ́ sí i. Mi ò sọ pé kò sí irúgbìn ní Ìbàdàn o, ó pọ̀ lọ súà. Èyí tó ṣòro rí ni irúgbìn tí èèyàn lè gbìn sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná tàbí ajílẹ̀ ló fà á, pé kì í ṣe pé irúgbìn ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ra látilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń wá nínú yàrá ná. Ẹni tó bá ti gbin ewédú sí àkùrọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti dé, ewédú a máa kánjú. Kò ní tíì ga dé orúnkún tí yóò fi yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, tí yóò sì so. Bó bá ti so, ewé rẹ̀ a kéré, igi rẹ̀ a le, kò sí alásè tí yóò fẹ́ fi ìjábẹ̀ já a. Àwọn kan a ní oòrùn ló fà á, àwọn mìíràn a ní omi ni kò tó. Omi ní tirẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gígùn òru ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ewédú wà lára àwọn ọ̀gbìn tó jẹ́ pé bí òru bá ti gùn tó, wọn a pa ewé tì, wọn a dojú kọ òdòdó. Ní Ìbàdàn, ọ̀sán tó kúrú jù lọ lọ́dún, ní oṣù Kejìlá, kò pé wákàtí 12. Èyí tó gùn jù lọ, ní oṣù Kẹfà, fi nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lé ní 12. Èèyàn kì í ka irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ewédú ń kà á.

Nínú yàrá, èmi ni mo ń sọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Bí mo bá tan iná fún wákàtí 16, ó yẹ kí ewédú máa yọ ewé lọ láìbìkítà pé ọyẹ́ ń fẹ́ níta. Ìyẹn ni mo fẹ́ dán wò, kí n sì tún mọ irú ewédú tó máa ṣe é jù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí irúgbìn tí mo gbìn bá jẹ́ oríṣi méjì mẹ́ta pa pọ̀, tí ìdajì so tí ìdajì kò so, kí ni mo fẹ́ sọ pé ó fà á? Ọ̀rọ̀ irúgbìn ló wá di iṣẹ́ àkọ́kọ́, iná sì dúró dè é.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irúgbìn àti oògùn oko ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń júwe fúnni. Ibẹ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ tòmátò, kùkúḿbà, kábéèjì tàbí lẹ́tíùsì. Inú agolo àti ọ̀rá dídán ni wọ́n wà, òkè òkun sì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹ ó rí àwọn tí wọ́n kọ F1 sí lára, ìyẹn ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí láti inú oríṣi méjì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa pọ̀. F1 wúlò fún irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí gbogbo èyí tó bá hù ló máa ń jọra bí ìbejì. Àléébù rẹ̀ ni pé bí o bá gba irúgbìn lára rẹ̀, tí o tún un gbìn, àwọn ọmọ kò ní jọ ìyá wọn mọ́, oníṣọ́ọ̀bù á sì di oníbàárà rẹ títí láé. Ní ti tòmátò, Roma VF àti UC82B tí wọ́n ti ń tà tipẹ́ kì í ṣe F1, èèyàn lè gba irúgbìn lára wọn láìsí ìyọnu.

Mo máa ń ka ọ̀rá irúgbìn bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀rí kí n tó bọ́ owó sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò dà? Mélòó ló hù nínú ọgọ́rùn-ún? Nọ́ńbà ìpín rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n fi oògùn pa á? Ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí ọ̀rá ṣọkọ kan tí wọ́n lẹ ìwé pélébé tuntun mọ́ orí ọjọ́ àtijọ́. Mo fi èékánná ṣí etí ìwé náà díẹ̀, mo rí ọdún tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì rọra dá ọ̀rá padà sórí káńtà. Ọmọ tó ń tajà ní, “Bọ̀ọ̀dá, ó ṣì máa hù o.” Ó lè hù lóòótọ́, ṣọkọ kì í tètè kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parọ́ ọjọ́ fún mi lè parọ́ orúkọ fún mi pẹ̀lú. Òfin National Agricultural Seeds Council, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ irúgbìn, ti ọdún 2019 ti sọ irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ lórí irúgbìn di ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ òfin kì í bá èèyàn dúró nídìí káńtà.

Nípa ti oògùn: bí hóró bá ní àwọ̀ pupa bí osùn tàbí àwọ̀ búlúù tí kì í ṣe tirẹ̀, oògùn tó ń lé èbu ni wọ́n fi bò ó. Ó dára fún oko gbangba. Nínú yàrá tí omi kan náà ń yí po, tí mo sì ń ká ewé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fún jíjẹ, mi ò fẹ́ ẹ.

Ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọ̀rá dídán. Ọwọ́ àwọn ìyá tó ń dá oko ẹ̀fọ́ sétí odò ló wà, àti ọwọ́ àwọn tó ń bá wọn ta irúgbìn lọ́jà. Ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá pọ̀, agolo mílíìkì. Ìwọ̀nba tó kún ìdérí ìgò kan ti pọ̀ ju ohun tí yàrá mi lè gbà lọ fún ìgbà pípẹ́, nítorí ẹgbẹ̀rún hóró ewédú kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ, tẹ̀tẹ̀ sì tún kéré jùyẹn lọ fíìfíì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Irúgbìn ewédú ni mò ń wá.”

“Èwo ńbẹ̀? Oníyaya ni àbí amúgbàdù?”

“Méjèèjì mà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má pàdé ara wọn.”

Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. “Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí o fẹ́ fi ṣe oògùn?”

Nígbà tí mo sọ pé inú yàrá ni mo fẹ́ gbìn ín sí, lábẹ́ iná, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ lébè kejì pé kó wá gbọ́ nǹkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ̀rín yẹn ló sì ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ọ̀rá. Ó fi ewé hàn mí: oníyaya tí etí ewé rẹ̀ gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, amúgbàdù tí ewé rẹ̀ fẹ̀. Ó ní òun kì í gba irúgbìn lára èyí tó bá tètè so. “Èyí tó bá tètè so, a ti tà á dànù. Èyí tó bá pẹ́ kó tó so ni mo máa ń fi sílẹ̀, kó gbẹ lórí ìdúró, kí n tó lù ú.” Ẹ gbọ́ nǹkan! Ohun tí mo fẹ́ fi iná àti sólà wá kiri, màmá ti ń ṣà á lẹ́ṣà láti ọdún dé ọdún pẹ̀lú ọ̀bẹ nìkan. Bó bá jẹ́ iye owó nìkan ni mo béèrè, mi ò bá má gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní irúgbìn, ìbéèrè tó ń ṣáájú lẹ́nu mi kì í ṣe èló. Ebè wo ló ti wá? Kí ni wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ṣé òjò pa á lórí ìdúró? Orí kí ni wọ́n sá a sí? Èyí tí wọ́n sá sórí títì ọlọ́dà lọ́sàn-án gangan, ooru ti lè pa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ti tẹ̀tẹ̀ tún ní ìṣòro mìíràn, nítorí atẹ́gùn ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ kiri: bí ti pupa bá wà nítòsí ti aláwọ̀ ewé, ọmọ àlè á pọ̀ nínú irúgbìn rẹ̀. Ewédú sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń fún ara rẹ̀ lóyún.

Irúgbìn ọjà a máa ní iyanrìn. Nínú oko, kí ló kan ẹnikẹ́ni. Nínú yàrá, iyanrìn á wọ pọ́ńpù. Mo máa ń da á sórí àwo funfun, kí n fi asẹ́ wẹ́wẹ́ yọ eruku, kí n wá fi awò asọhundi-ńlá wo ohun tó kù. Ewédú dúdú díẹ̀ tàbí kó rí bí eérú tútù, ó sì ní igun. Ṣọkọ yípo, ó dúdú, ó ń dán. Tẹ̀tẹ̀ jọ ọ́ ṣùgbọ́n ó kéré sí i. Bí mo bá rí méjì nínú wọn nínú ìdérí kan ṣoṣo, kò bọ́ sí orí pẹpẹ ìdánwò mọ́, ó di ti ìsasùn.

Lẹ́yìn náà ni yíyẹ̀ ẹ́ wò bóyá á hù. Ọgọ́rùn-ún hóró lórí tíṣù tútù nínú ike oúnjẹ tó ní ìdérí, kí n máa kà á lójoojúmọ́, kí n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ewédú ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Èèpo rẹ̀ le. Bí o bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù, ìyókù á jókòó síbẹ̀, oníkálukú á hù lọ́jọ́ tó wù ú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé irúgbìn ti kú. Àwọn ìyá wa mọ oògùn rẹ̀ tipẹ́: wọ́n á dì í sínú aṣọ, wọ́n á tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, wọ́n á sì yára yọ ọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 tó. Ẹni tó bá gbé e síbẹ̀ lọ dáhùn ìpè ti bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń dán an wò lọ́nà méjì, pẹ̀lú omi gbígbóná àti láìsí i. Bí èyí tó rí omi gbígbóná kò bá pé 70 nínú 100, mi ò ní lò ó fún ohun tí mo fẹ́ fi ṣe àfiwé.

Ìbàdàn ní oore kan tí ìlú tó pọ̀ kò ní: àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn fún orílẹ̀-èdè àti fún ayé wà láàárín wa. NIHORT, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975 fún ọ̀rọ̀ èso àti ẹ̀fọ́, wà ní Ìdí-Iṣin ní Jericho. NACGRAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987 láti máa pa oríṣiríṣi irúgbìn mọ́, wà ní Moor Plantation. IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó ti wà láti 1967, wà lọ́nà Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Ojóò. Ilé ìpamọ́ irúgbìn tó wà ní IITA ní oríṣi ẹ̀wà tó ju 15,000 lọ, kò sì sí ibòmíràn lágbàáyé tó ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà fún ìpamọ́ ọjọ́ pípẹ́ wà nínú òtútù tó jẹ́ ìwọ̀n 20 Sẹ́síọ́ọ̀sì sísàlẹ̀ òdo.

Irú ibẹ̀ kì í ṣe ọjà, ẹ má sì lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sọ́jà. Lẹ́tà ni ẹ ó kọ: ta ni yín, kí lẹ fẹ́ dán wò, irú ìwà wo lẹ ń wá lára ọ̀gbìn náà. “Ẹ fún mi ní ẹ̀wà” kò jẹ́ nǹkan kan létí ẹni tó ní 15,000. “Mò ń wá èyí tí kò ga, tí kì í fà, tó sì ń tètè pọ́n” ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè bá yín ṣiṣẹ́ lé lórí. Ohun tí wọ́n ń fúnni kì í pọ̀, hóró tó ṣeé kà ni. Ẹni tó bá fẹ́ púpọ̀ á lọ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ìwé àdéhùn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní SMTA. Ó wá láti inú àdéhùn àgbáyé lórí irúgbìn oúnjẹ, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2001, tó sì di òfin ní 2004. Kókó rẹ̀ ni pé ìwádìí, ìmúdàgbàsókè irúgbìn àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ nìkan lo lè lò ó fún, o ò sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀tọ́ oní-nǹkan lé e lórí lọ́nà tí yóò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn kan a máa sá fún ìwé yẹn. Ní tèmi, ó tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí nọ́ńbà tó wà lára àpò kékeré tí wọ́n fi kó irúgbìn náà fúnni túmọ̀ sí pé ẹni tó wà ní Kánò tàbí Kùtọ̀nù lè béèrè irúgbìn kan náà, kó sì yẹ iṣẹ́ mi wò bóyá irọ́ ni mò ń pa.

Nígbà tí NASA, àjọ Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ òfúrufú, fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sínú ọkọ̀ òfúrufú tó ń yí ayé po, wọ́n ní owó tó lè ra gbogbo iná tó wà láyé, síbẹ̀ wọ́n ní láti ṣà lára irúgbìn tó wà nílẹ̀. Lẹ́tíùsì pupa tí àwọn arìnrìn-àjò òfúrufú jẹ lókè lọ́hùn-ún ní oṣù Kẹjọ 2015, ‘Outredgeous’ ni wọ́n ń pè é. Frank Morton, àgbẹ̀ kan tó ń ṣe irúgbìn fúnra rẹ̀ ní Oregon, ló mú un jáde, kì í sì í ṣe nítorí òfúrufú ló ṣe ṣe é. Tòmátò kan tún wà tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń gbin nǹkan sínú yàrá, ‘Micro-Tom’, tí wọ́n gbé jáde ní Florida ní 1989. Gíga rẹ̀ kò ju ti ife tíì méjì tí a tò léra lọ. Gíga yìí ṣe pàtàkì. Láti orí pẹpẹ mi dé ìdí iná kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, ewédú tí a bá sì fi sílẹ̀ lè ga ju èèyàn lọ. Nítorí náà gígé ni mò ń gé e kó tó fi orí kan iná.

Àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a máa sọ pé kí àwọn kó irúgbìn sínú báàgì bọ̀ fún mi. Mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń kọ̀ ọ́. Àṣẹ ìkówọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlera ọ̀gbìn ìjọba, ìyẹn NAQS, àti ìwé àyẹ̀wò láti orílẹ̀-èdè tí irúgbìn ti wá gbọ́dọ̀ wà. Kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù kọ́sítọ́ọ̀mù nìkan. Àrùn fáírọ́ọ̀sì tòmátò tí wọ́n ń pè ní ToBRFV, tí wọ́n rí ní Ísírẹ́lì ní 2014 àti ní Jọ́dánì ní 2015, ti gba inú irúgbìn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọwọ́ èèyàn àti ọ̀bẹ lásán tó láti gbé e láti orí igi kan sí òmíràn, ibi tí igi sì ti fún mọ́ra bíi yàrá ni ó fẹ́ràn jù.

Àwọn kan wà tí wíwá irúgbìn wọn kò tiẹ̀ bá a mu. Wórọ́wọ́, tó fẹ́ràn ibòòji oko kòkó, gígé ni wọ́n ń gé igi rẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wá hóró rẹ̀ kiri ọjà ń da ara rẹ̀ láàmú. Gbúre náà gbà kí a gé e. Ti ùgú yàtọ̀ pátápátá: irúgbìn rẹ̀ kì í fẹ́ gbẹ, bó bá gbẹ ó kú, nígbà mìíràn á ti hù nínú èso rẹ̀ kí a tó là á. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi í sínú ìgò dè ọdún tó ń bọ̀. Èso odidi ni kí ẹ rà, kí ẹ là á lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbìn ín.

Àwọn tó gbà kí a tọ́jú wọn, gbígbẹ àti òtútù ni ẹ̀mí wọn. Àwọn onímọ̀ irúgbìn ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi orúkọ James Harrington pè: bí omi inú irúgbìn bá fi ìdá 1 nínú 100 dín kù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, bí ibi tó wà bá sì fi ìwọ̀n 5 Sẹ́síọ́ọ̀sì tutù sí i, á tún di ìlọ́po méjì. Ìgò onígíláàsì tó dé pinpin, àpò silica gel kékeré tó ń fa ọ̀rinrin nínú rẹ̀, ó di inú fíríìjì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má ṣí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí i, ẹ jẹ́ kí ìgò náà kọ́kọ́ kúrò ní tútù lórí tábìlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Ìbàdàn á sá wọ ibi tí ẹ ti ń lé e jáde.

Ní báyìí, púpọ̀ nínú ewédú tí mò ń gbìn, yàrá mi ló bí i. Aago iná kan náà tó ń dá òdòdó dúró ló ń pè é jáde: mo ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀, mo dín iná rẹ̀ kù sí wákàtí 11, oníyaya sì so wẹ́rẹ́. Irúgbìn tó ti ibẹ̀ jáde ni mo fi ń bá amúgbàdù díje lórí pẹpẹ oníwákàtí 16, mo sì lè gba ohun tí mo bá rí gbọ́. Ìdérí ìgò kan láti ọwọ́ màmá etí odò ló bí gbogbo wọn. Ó ṣì ń béèrè nígbàkigbà tí mo bá kọjá pé ṣé ewédú inú yàrá a máa yọ̀ bíi ti òun. Ó ń yọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbé e fún un láti lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ẹbọ̀lò ló kù tí mò ń lé. Irúgbìn rẹ̀ ní òwú lórí, bí orí rẹ̀ bá ti là báyìí, atẹ́gùn ti gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní oko kòkó ti ní kí n mú àpò aṣọ pélébé wá nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ká dè é mọ́ ọn lórí kó tó là.